Okùn Mẹ́rin Láti Èkó Dé Peckham

Bí ènìyàn bá gba Old Kent Road kọjá ní àárọ̀ ọjọ́ Ìsinmi, ohun àkọ́kọ́ tí yóò gbọ́ láti inú àwọn gbọ̀ngàn ìjọsìn tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà náà kì í ṣe ohùn akọrin, kì í sì í ṣe ohùn oníwàásù. Béèsì ni. Ògiri lè dá ohùn tó tínrín dúró, ṣùgbọ́n apá rẹ̀ kì í ká ohùn tó nípọn. Okùn tó nípọn jù lára gìtá béèsì olókùn mẹ́rin ń gbọ̀n nígbà 41 láàárín ìṣẹ́jú-àáyá kan, ìgbì ohùn rẹ̀ sì gùn ju mítà 8 lọ. Ilé ìkẹ́rù tí wọ́n sọ di ṣọ́ọ̀ṣì kò lè há a mọ́nú. Kí ẹni tó ń kọjá tó mọ orin tí wọ́n ń kọ, ẹsẹ̀ rẹ̀ ti mọ bí orin náà ṣe ń lọ.

Kò jìnnà sí ọ̀nà yìí ni Aylesbury Estate wà, ní Walworth, láàárín Elephant and Castle àti Peckham. Láàárín ọdún 1963 sí 1977 ni wọ́n kọ́ ọ, ilé bí 2,700, ògiri kọnkéré tí wọ́n ti dà ní ilé iṣẹ́ kí wọ́n tó kó o wá tò ní wọ́n sì fi kọ́ ọ̀pọ̀ nínú wọn. Orúkọ àwọn ibì kan ní agbègbè Buckinghamshire ni wọ́n sọ àwọn ilé gogoro náà: Wendover, Taplow, Chiltern, Missenden. Ọ̀pọ̀ ará Britain mọ ibẹ̀ nítorí pé níbẹ̀ ni Tony Blair ti bá àwọn aráàlú sọ̀rọ̀ ní ọjọ́ 2 oṣù kẹfà ọdún 1997, nígbà tó ṣẹ̀ṣẹ̀ di olórí ìjọba Britain. Àwọn Yorùbá tó ń gbé ibẹ̀ àti ní Peckham mọ̀ ọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ní 1964, nígbà tí ètò Aylesbury ṣẹ̀ṣẹ̀ ń gbérasọ, ni ìjọ Church of the Lord, ìjọ Aládùúrà láti ilẹ̀ Yorùbá, fìdí múlẹ̀ ní gúúsù Lọ́ńdọ̀nù lábẹ́ Àpọ́sítélì Adéjọbí. Ó wà lára àwọn ìjọ Áfíríkà tó kọ́kọ́ dé Britain. Nígbà tó fi máa di 2013, àwọn olùṣèwádìí Yunifásítì Roehampton ka ìjọ 240 tí aláwọ̀ dúdú pọ̀ jù nínú wọn ní agbègbè káńsù Southwark nìkan. Ìjọ tó bá ní ìlù òyìnbó àti kíbọ́ọ̀dù kì í pẹ́ tí yóò fi wá ẹni tí yóò máa ta béèsì. Bẹ́ẹ̀ ni ohun èlò tí wọ́n ṣẹ̀dá ní California ṣe di ohun èlò ìyìn ní Southwark, lọ́wọ́ àwọn ọmọ tí òbí wọn ti Ìbàdàn, Abẹ́òkúta àti Ìjẹ̀bú wá.

Ṣùgbọ́n ìtàn náà kò bẹ̀rẹ̀ ní California. Ó ti wà nílẹ̀ Yorùbá kí ẹnikẹ́ni tó rí gìtá oníná. Ẹni tó bá mọ ibi tó ti ṣẹ̀ wá yóò mọ irú béèsì tó yẹ kó rà, yóò sì mọ ohun tó yẹ kó fi ṣe.

Nínú ìlù Yorùbá, ìlù tó tóbi kì í ṣe ọmọ ẹ̀yìn. Ìyáàlù ló ń sọ̀rọ̀, ló ń ki ènìyàn, ló ń pàṣẹ ijó; àwọn omele ni wọ́n dúró sójú kan tí wọ́n ń gbè é lẹ́sẹ̀. Nígbà tí orin jùjú ń gbilẹ̀ ní Èkó àti Ìbàdàn, àgídìgbo wà lára ohun tó ń pèsè ohùn ìsàlẹ̀. Àpótí pákó ni, tí wọ́n de irin pẹlẹbẹ mẹ́ta sí márùn-ún mọ́ lójú. Alágídìgbo ń fi ìka ta irin náà, ó sì ń fi ọwọ́ gbá ara àpótí, kí ohùn àti ìlù lè jáde lẹ́ẹ̀kan náà. Adéolú Akínsànyà àti ẹgbẹ́ Rio Lindo rẹ̀ gbé e dé orí rẹ́kọ́ọ̀dù ní àwọn ọdún 1950, Fàtáì Rolling Dollar, tí wọ́n bí ní 1927, sì wà lára àwọn tó mọ̀ ọ́n lù dáadáa.

Ẹni tó ní irin mẹ́ta péré kò lè fi ọ̀pọ̀ ohùn ṣe fáàrí. Ohun tó kù fún un ni ìgbà tí yóò ta á àti ìgbà tí yóò fi dákẹ́. Òwe kò purọ́ nígbà tó ní bí òwe bí òwe là ń lu àgídìgbo. Ọgbọ́n yìí, kéèyàn fi ohùn díẹ̀ àti àlàfo gbé odindi orin dúró, ni ogún àkọ́kọ́ tí oníbéèsì Yorùbá jẹ.

Ní 1948, gángan wọ inú orin jùjú, Akanbi Ege Wright sì ni wọ́n máa ń dárúkọ pé ó mú un wọlé. Ní ọdún tó tẹ̀lé e, Àyìndé Bakare so ẹ̀rọ gbohùngbohùn mọ́ gìtá rẹ̀. Ó di dandan bẹ́ẹ̀, nítorí gìtá tí kò ní iná kò lè dúró níwájú gángan. Nígbà tí gìtá ti gba iná, tí ìlù sì ti pọ̀ sí i, àpótí àgídìgbo nìkan kò lè gbé ìsàlẹ̀ orin mọ́ nínú agbo àríyá tí èrò kún. Àyè ṣí sílẹ̀ fún ohùn mìíràn.

Èyí tó kọ́kọ́ wà nílẹ̀ ni dọ́bùlù béèsì, ohun èlò onígi tó ga ju ènìyàn lọ, tí wọ́n ń dúró tì, tí wọ́n sì ń fi ìka fà tàbí fi ọ̀pá onírun ẹṣin gé. Àwọn ẹgbẹ́ ijó àti háíláìfù ló ń lò ó. Bobby Benson, ọmọ Ìkòròdú tí wọ́n bí ní 1922, padà dé láti Britain ní 1947 pẹ̀lú ọgbọ́n ẹgbẹ́ ijó òyìnbó, ọ̀nà tó là ni àwọn ẹgbẹ́ tó jáde lẹ́yìn rẹ̀ gbà. Nínú irú ẹgbẹ́ bẹ́ẹ̀, oníbéèsì ń dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìlù, ó sì ń rìn lábẹ́ fèrè.

Iṣẹ́ agbára ni. Okùn dọ́bùlù béèsì tí àwọn olórin sábà máa ń lò gùn tó sẹ̀ǹtímítà 105 láti òkè dé ìsàlẹ̀ ibi tó ti ń gbọ̀n. Kò sí àmì kankan lára ọrùn rẹ̀ tó lè sọ fún ìka pé ibí ni ohùn wà. Etí nìkan ló ń darí ọwọ́. Ìka kẹta kì í sì í dá ṣiṣẹ́ níbi tí ọrùn ti nípọn: ó ń ran ìka kékeré lọ́wọ́ ni, kí okùn lè wọlẹ̀ dáadáa. Pákó rẹ̀ kò fẹ́ ọyẹ́, nítorí ọyẹ́ ń gbẹ ẹ́, ó sì lè là. Ẹ̀rọ tó ń mú ilé móoru nígbà òtútù ní Lọ́ńdọ̀nù lè ṣe é bákan náà. Ìdí nìyí tí ẹni tó bá fẹ́ ra èyí tí ẹlòmíràn ti lò fi gbọ́dọ̀ wo gbogbo ojú ìsopọ̀ pákó rẹ̀, kó fi ìka kàn án yí ká, kó sì fetí sí bóyá ibì kan ń dún bí èyí tó ti ṣí. Owó àtúnṣe rẹ̀ kì í ṣe pọ́ọ́kú.

Ní Lọ́ńdọ̀nù fúnra rẹ̀, ọmọ Èkó kan ti ń kọrin kí Aylesbury tó wà. Ambrose Campbell, tí wọ́n bí ní 1919 tó sì ti ń ṣe atukọ̀ tẹ́lẹ̀, wà pẹ̀lú àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ nínú èrò tó kún Piccadilly Circus nígbà tí ogun parí ní Europe ní oṣù karùn-ún 1945, wọ́n ń ta gìtá, wọ́n ń lu ìlù. Ẹgbẹ́ rẹ̀, West African Rhythm Brothers, di ìlú-mọ̀ọ́ká ní Soho. Ní ìlú kan náà ni Coleridge Goode wà, ọmọ Jàmáíkà tó dé Britain ní 1934 láti kọ́ ìmọ̀ ẹ̀rọ iná ní Glasgow, tó wá sọ dọ́bùlù béèsì di iṣẹ́ òòjọ́ rẹ̀. Ó bá Django Reinhardt ṣe rẹ́kọ́ọ̀dù ní 1946. Bó bá ń fi ọ̀pá gé okùn, ó máa ń fi ẹnu kọ ohun tó ń gé. Ẹni 100 ọdún ni nígbà tó kú ní 2015. Ọgbọ́n tó lò yẹn wà nínú ẹ̀kọ́ tó dára jù fún ẹnikẹ́ni tó ń kọ́ béèsì lónìí: ohun tí ẹnu kò bá lè kọ, ìka kò tíì mọ̀ ọ́n.

Ní 1951, Leo Fender, tó ti ń tún rédíò ṣe ní Fullerton, California, gbé Precision Bass jáde. Paul Tutmarc ti ṣe irú rẹ̀ kan ní Seattle ní àwọn ọdún 1930, ṣùgbọ́n kò tàn kálẹ̀. Ti Fender tàn. Ó dín okùn kù sí sẹ̀ǹtímítà 86, ó to irin tẹ́ẹ́rẹ́ 20 dábùú ọrùn rẹ̀ kí ohùn lè bọ́ sójú gan-an, ó sì lo píkọ́ọ̀pù tó ń gba ìgbọ̀nrìrì okùn lọ sínú áńpù, ẹ̀rọ tó ń gbé ohùn sókè. Ẹni tó ń wọ bọ́ọ̀sì tàbí lọ́rì lọ sóde àríyá lè gbé e kọ́ èjìká. Ní 1960, Fender tún gbé Jazz Bass jáde, tí ọrùn rẹ̀ tínrín ju ti àkọ́kọ́ lọ, tó sì ní píkọ́ọ̀pù méjì. Títí di òní, láàárín méjèèjì yìí ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń ra béèsì ti ń yàn, bó tilẹ̀ jẹ́ pé orúkọ ilé iṣẹ́ mìíràn ló wà lórí rẹ̀. Ohùn Precision nípọn, ó dúró ní àárín orin láìyẹsẹ̀. Ti Jazz dán, ọrùn rẹ̀ sì rọrùn fún ọwọ́ kékeré.

Ohun èlò tuntun yìí bá àyè tó ṣí sílẹ̀ nílẹ̀ Yorùbá pàdé. Ebenezer Obey, tó ti kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ Fàtáì Rolling Dollar, dá International Brothers sílẹ̀ ní 1964. Bí ẹgbẹ́ náà ti ń dàgbà di Inter-Reformers ni gìtá ń pọ̀ sí i nínú rẹ̀, béèsì sì wà láàárín wọn. King Sunny Adé ṣe bẹ́ẹ̀ pẹ̀lú African Beats. Nígbà tí ilé iṣẹ́ Island gbé àwo Juju Music jáde ní 1982 fún gbogbo ayé, Jẹlílì Lawal ló ta béèsì nínú rẹ̀.

Ẹni tó bá fetí sí béèsì jùjú ìgbà náà yóò gbọ́ àgídìgbo. Kì í rìn láìdúró bíi ti jáàsì. Yóò mú ohùn mẹ́ta tàbí mẹ́rin, yóò tò wọ́n, yóò fi àlàfo sí àárín wọn, yóò sì máa tún un ṣe láìyẹ̀ títí orin yóò fi yí. Inú àlàfo yẹn ni gángan ti ń sọ̀rọ̀. Bí oníbéèsì bá dí àlàfo náà pẹ̀lú àwọn ohùn tó fi ń ṣe ẹ̀ṣọ́, kò sí ibi tí gángan yóò gbà mọ́, oníjó yóò sì mọ̀ lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀ pé nǹkan kan ti bàjẹ́.

Afrobeat, orin tí Fẹlá dá sílẹ̀, mú ìbáwí yìí le sí i. Fẹlá fúnra rẹ̀ ló ń ṣẹ̀dá ohun tí oníbéèsì rẹ̀ yóò ta, orin náà sì lè lé ní ìṣẹ́jú 10, kí ohùn ìsàlẹ̀ máà kúrò lójú kan. Ní 1971, nígbà tí ẹgbẹ́ rẹ̀ ṣe àwo Live! ní sítúdíò Abbey Road ní Lọ́ńdọ̀nù pẹ̀lú Ginger Baker, onílù ọmọ Lewisham ní gúúsù ìlú náà, Maurice Ekpo ló wà nídìí béèsì, Tony Allen sì wà nídìí ìlù. Láti ta ohùn kan náà fún ìṣẹ́jú 10 láìyára ju bó ṣe yẹ, láìfà sẹ́yìn, kì í ṣe iṣẹ́ ọwọ́ nìkan. Ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ rọ̀, ìka ìtọ́ka àti ìka àárín gbọ́dọ̀ máa gba iṣẹ́ lọ́wọ́ ara wọn, èjìká kò sì gbọdọ̀ le. Yóò ti rẹ ẹni tó bá ń fi agbára fa okùn kí orin tó dé ìdajì. Ẹni tó bá jẹ́ kí áńpù ṣe iṣẹ́ rẹ̀, tó ń fi ìka rọra ta okùn, ni yóò bá ẹgbẹ́ dé òpin.

Láàárín àwọn ọdún wọ̀nyẹn ni oníbéèsì ọmọ Nàìjíríà bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ́ ẹni tí wọ́n ń pè láti òkè òkun. Ní 1972, Berkley Jones, Láolú Akíntóbi àti Gbénga Odùmósù dá ẹgbẹ́ BLO sílẹ̀ ní Èkó. Lẹ́tà àkọ́kọ́ nínú orúkọ wọn ni wọ́n fi ṣe orúkọ ẹgbẹ́ náà, Odùmósù tó ta béèsì ló sì ni lẹ́tà kẹta. Kò pẹ́ púpọ̀ lẹ́yìn àwo Chapter One ti 1973 tó fi kọjá sí Lọ́ńdọ̀nù, tó di oníbéèsì Osibisa, ẹgbẹ́ tí àwọn ọmọ Ghana, Nàìjíríà àti Caribbean jọ dá sílẹ̀ níbẹ̀ ní 1969. Ken Okulolo, oníbéèsì ẹgbẹ́ Monomono, bá King Sunny Adé ṣiṣẹ́, lẹ́yìn náà ó fi California ṣe ilé, ó sì di ẹni tí wọ́n ń pè ní Baba Ken níbẹ̀.

Bí Odùmósù ṣe dé Lọ́ńdọ̀nù, ìlú tó bá kún fún irinṣẹ́ tí wọ́n ṣe níbẹ̀. Charlie Watkins bẹ̀rẹ̀ òwò rẹ̀ pẹ̀lú ìsọ̀ rẹ́kọ́ọ̀dù ní ọjà Tooting ní 1949. Láti ibẹ̀ ló ti bọ́ sí títa gìtá àti ṣíṣe áńpù, ilé iṣẹ́ WEM rẹ̀ sì wá wà ní Offley Road, nítòsí Oval, tí kò jìnnà sí Walworth. Ní Kent, tí ó múlé gbe gúúsù Lọ́ńdọ̀nù, ni ilé iṣẹ́ Rotosound wà, tó ń ṣe okùn béèsì onírin tó ń dán, èyí tí wọ́n bá John Entwistle ti ẹgbẹ́ The Who ṣe ní 1966. Ní Denmark Street, ní àárín Lọ́ńdọ̀nù, àwọn ìsọ̀ irinṣẹ́ orin tò lọ bẹẹrẹ. Owó ni ọ̀pọ̀ ọmọ Áfíríkà kò ní. Nítorí náà, irinṣẹ́ àlòkù ni ọ̀nà wọn, bó ṣe jẹ́ ọ̀nà ọ̀pọ̀ ọmọ ṣọ́ọ̀ṣì di òní.

Ọgbọ́n wà nínú ríra àlòkù béèsì. Kí ẹni tó fẹ́ rà á gbé ọrùn rẹ̀ sókè, kó wò ó láti ìdí bí ẹni tó ń wo ìbọn, bóyá ó tọ́ tàbí ó ti tẹ̀. Kó tẹ okùn kọ̀ọ̀kan ní ojú irin kọ̀ọ̀kan, ọ̀kọ̀ọ̀kan, kó fetí sí ibi tó bá ń han gooro. Kó so ó mọ́ áńpù, kó yí gbogbo bọ́tìnnì rẹ̀. Èyí tó bá ń dún bí ẹni ń fọ́ ọ̀gẹ̀dẹ̀ gbígbẹ ń fẹ́ àtúnṣe. Bó bá jẹ́ oníbátìrì, kó bi ara rẹ̀ léèrè ohun tí yóò ṣe bí bátìrì bá kú láàárín ìsìn. Àwọn oníbéèsì ìjọ tó ti pẹ́ nínú iṣẹ́ kì í jáde láìní bátìrì tuntun nínú àpò gìtá. Kó tó san owó, kó so ó kọ́ èjìká fún bí ìdajì wákàtí, nítorí ìsìn ìyìn kì í kúrú, ẹ̀yìn ẹni ló sì ń sanwó fún béèsì tó wúwo jù.

Ìjọ ló mú okùn karùn-ún wá sínú ìtàn yìí. Nínú ìsìn Yorùbá, orin kì í dúró de ẹni tí yóò pe kíì, ìyẹn ohùn tí orin dá lé. Ìyá kan á dìde láàárín èrò, á gbé orin níbi tó bá rọ̀ ọ́ lọ́fun, onílù á sì ti gbà á kó tó parí ìlà àkọ́kọ́. Oníbéèsì ní ìṣẹ́jú-àáyá mélòó kan péré. Á fi ìka kan tẹ okùn, á ta á wẹ́rẹ́ kí ẹlòmíràn má gbọ́, á sún sókè tàbí sísàlẹ̀ ní ojú irin kan, á rí i, á sì bọ́ sínú orin. Bí ìyìn bá gbóná, kíì á gòkè, á tún gòkè. Béèsì olókùn mẹ́rin kò lè lọ sísàlẹ̀ ju E lọ. Bí orin bá bọ́ sí D tàbí E-flat, ohùn ìpìlẹ̀ tó nípọn jù kò sí lọ́wọ́ rẹ̀. Okùn karùn-ún, B, ń gbọ̀n nígbà 31 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ó fún oníbéèsì ní ìsàlẹ̀ yẹn, ó sì jẹ́ kó lè yí kíì láìsún ọwọ́ rẹ̀ jìnnà.

Okùn tó nípọn bẹ́ẹ̀ ní wàhálà tirẹ̀. Ó máa ń gbọ̀n nígbà tí wọn kò ta á, ohùn rẹ̀ á sì máa da orin rú. Àtàǹpàkò ọwọ́ ọ̀tún gbọ́dọ̀ máa sinmi lé okùn tí wọn kò lò, àwọn ìka òsì tó kù á sì máa fara kan àwọn yòókù, kí wọ́n lè dákẹ́. Áńpù tó bá kéré kò lè gbé ohùn yẹn jáde. Ariwo lásán ni yóò máa pa. Ní ìjọ tó ní ẹ̀rọ agbóhùnsókè tó dára, ohun tó bójú mu ni kí wọ́n fa wáyà béèsì tààrà lọ sọ́dọ̀ ẹni tó ń ṣètò ohùn, kí áńpù kékeré kan wà nídìí oníbéèsì fún etí tirẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ilé tún wà níbẹ̀. Ògiri kọnkéré Aylesbury kò lè bo ohùn ìsàlẹ̀ mọ́lẹ̀. Ẹni tó bá fi áńpù dánra wò lálẹ́ ní àjà karùn-ún, ará òkè àti ará ìsàlẹ̀ á mọ̀. Íyáfóònù ló yẹ irú ilé bẹ́ẹ̀. Kì í ṣe ìyà: etí tó wà nínú íyáfóònù ń gbọ́ gbogbo ohùn tí ìka fi sílẹ̀ láìpa, gbogbo ibi tí ọwọ́ ti yára ju ìlù lọ. Kí akẹ́kọ̀ọ́ fi ẹ̀rọ aka-ìlù sí ìwọ̀n tó lọ́ra, kó mú ohùn mẹ́ta jùjú kan, kó ta á títí tí yóò fi lè máa bá ẹlòmíràn sọ̀rọ̀ nígbà tí ọwọ́ rẹ̀ ń ṣiṣẹ́. Lẹ́yìn ìyẹn ló tó kan ohùn mìíràn.

Gúúsù Lọ́ńdọ̀nù kò fi béèsì sílẹ̀ fún ìjọ nìkan. Tunji Oyelana, olórin àgbà tó ti bá Wole Soyinka ṣiṣẹ́ tipẹ́, ṣí ilé oúnjẹ Emukay ní Camberwell, tí orin ń dún níbẹ̀. Ní Southbank Centre, létí odò Thames, Tomorrow's Warriors ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní jáàsì lọ́fẹ̀ẹ́. Gary Crosby, tó ń ta dọ́bùlù béèsì, àti Janine Irons ló dá a sílẹ̀ ní 1991. Ní 2018, Crosby gba ẹ̀bùn Queen's Medal for Music, òun sì ni olórin jáàsì àkọ́kọ́ tó gbà á. Lọ́dọ̀ wọn ni TJ Koleoso àti ẹ̀gbọ́n rẹ̀ onílù, Femi, ti bá àwọn tó kù nínú ẹgbẹ́ jáàsì Ezra Collective pàdé. Ọmọ Yorùbá ni tẹ̀gbọ́n-tàbúrò náà, wọ́n dàgbà ní Enfield, ní apá òdìkejì ìlú, ìjọ sì wà nínú ìpìlẹ̀ wọn. Ní oṣù kẹsàn-án 2023, ẹgbẹ́ náà gba ẹ̀bùn àwo orin Mercury Prize, ẹgbẹ́ jáàsì àkọ́kọ́ tó gbà á. Ẹni tó bá gbọ́ bí béèsì TJ ṣe ń lọ lábẹ́ ìlù ẹ̀gbọ́n rẹ̀ yóò mọ̀ pé ohun tí Maurice Ekpo àti Tony Allen ṣe ní Abbey Road kò tíì parí.

Ní Southbank kan náà, ní oṣù kẹsàn-án 2015, ni Chi-chi Nwanoku gbé ẹgbẹ́ Chineke! jáde fún ìgbà àkọ́kọ́, ẹgbẹ́ olórin kíláásíkà tí èyí tó pọ̀ jù nínú wọn jẹ́ aláwọ̀ dúdú àti àwọn ẹ̀yà mìíràn tí kì í ṣe aláwọ̀ funfun. Ọmọ Nàìjíríà ni bàbá rẹ̀, ọmọ Ireland ni ìyá rẹ̀. Eré sísá ló ń ṣe nígbà èwe títí orúnkún rẹ̀ fi ṣèṣe. Ẹni ọdún 18 ni nígbà tó kọ́kọ́ gbá dọ́bùlù béèsì mú. Obìnrin tí kò ga ni. Ìgbésí ayé rẹ̀ já irọ́ àwọn tó ń sọ pé ọmọ tó bá kéré tàbí tó bá pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ kò lè ta á.

Michael Olatuja so ìhà méjèèjì pọ̀. Lọ́ńdọ̀nù ni wọ́n bí i sí, Èkó ló ti dàgbà, New York ló ti ń ṣiṣẹ́. Ó ń ta gìtá béèsì, ó ń ta dọ́bùlù béèsì, àwo rẹ̀ Lagos Pepper Soup sì jáde ní 2020 pẹ̀lú ohùn Angélique Kidjo nínú rẹ̀. Orúkọ oníbéèsì ló wà lójú àwo yẹn. Kò wọ́pọ̀.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ wà. Jẹlílì Lawal, Maurice Ekpo, Gbénga Odùmósù: ìdí tí orúkọ wọn fi wà lẹ́nu wa ni pé ẹnì kan tẹ̀ ẹ́ sí ẹ̀yìn páálí àwo orin. Ọ̀pọ̀ àwo jùjú àti háíláìfù jáde pẹ̀lú àwòrán ọ̀gá ẹgbẹ́ àti orúkọ rẹ̀ nìkan, gbogbo ayé sì jó sí béèsì ẹni tí wọn kò mọ̀. Bẹ́ẹ̀ náà ló ń rí lónìí ní Southwark. Fídíò ìsìn ń jáde lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, orúkọ pásítọ̀ wà lábẹ́ rẹ̀, orúkọ aṣáájú ìyìn náà wà, ti oníbéèsì kò sí.

Àkókò sì ń lọ. Ní 2005 ni káńsù Southwark pinnu láti wó Aylesbury, wọ́n sì ti wó apá kan rẹ̀ tí ilé tuntun ti wà níbẹ̀. Àwọn ìdílé tó gbé ibẹ̀ fún ogójì ọdún ti ń fọ́n ká sí Kent, sí Essex, sí ibi tí apá wọn bá ti ká owó ilé. Bí wọ́n ti ń lọ ni ìjọ ń kó, tí ẹgbẹ́ akọrin ń tú ká, tí ẹni tó kọ́ ọmọ mẹ́ta ní béèsì ní kọ̀rọ̀ gbọ̀ngàn ń di ẹni tí wọn kò rántí mọ́.

Ẹ̀yin aṣáájú ìjọ, ẹ̀yin ọ̀gá ẹgbẹ́ orin, ẹ máa kọ orúkọ ẹni tó ta béèsì sí abẹ́ gbogbo orin tí ẹ bá gbé jáde, kí ẹ sì kọ orúkọ ẹni tó kọ́ ọ níṣẹ́ tẹ̀ lé e. Ẹ̀yin òbí tí ọmọ yín ń tọrọ gìtá, ẹ wá àlòkù olókùn mẹ́rin tó dára fún un, kí ẹ sì mú un lọ sọ́dọ̀ àgbà tó mọ jùjú. Ẹ bi àgbà náà léèrè ẹgbẹ́ tó bá ṣiṣẹ́ àti ọdún tó ṣe é, kí ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó ṣì wà láàyè láti dáhùn.